Àwọn Tí Ogun Bá Nílé

Bàbá kan wà lórí ṣẹ́lífù ní pálọ̀ mi tó ti ń ka àdírẹ́sì ara lẹ́tà kan láti ọdún 1863, kò sì tíì kà á tán. Aránbàtà ni bàbá yìí, òun náà sì ni wọ́n fi ṣe alákòóso pósíọ́fíìsì ìletò rẹ̀. Ó di lẹ́tà náà mú, ó ń wò ó bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọmọge kan dúró tì í. Kíá ni ọmọge ti dá ìkọ̀wé yẹn mọ̀. Ó mọ̀ pé òun ló ni lẹ́tà, ó mọ̀ pé ojú ogun ló ti wá, ó sì mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà láàyè, ó kéré tán lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́. Gbogbo ara ló fi ń bẹ bàbá. Bàbá ò rí tirẹ̀ rò. Iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú.

POP ni wọ́n fi ṣe àwọn méjèèjì, irú POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé ní Lẹ́kí, tí wọ́n sì fi ń di ẹsẹ̀ tó bá dá ní ọsibítù. Ẹni tó ṣe ère náà pè é ní “Country Post Office”. John Rogers ni orúkọ ọkùnrin yẹn. Ìlú Salem ní Massachusetts ni wọ́n bí i sí ní 1829. New Canaan, ní ìpínlẹ̀ Connecticut tí èmi náà ń gbé yìí, ló kú sí ní 1904. Ère rẹ̀ ni mò ń kó jọ, àwọn tó ṣe nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, tí àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ń lo ẹrú yapa, tí ìjọba Àríwá sì bá wọn jà, àti ní kété tó parí, pàápàá àwọn tí ẹnikẹ́ni ò ti yìnbọn. Ère ọ̀gágun lórí ẹṣin ò wù mí. Kò sí ìlú tí ẹ máa dé ní orílẹ̀-èdè yìí tí ẹ ò ní rí ọ̀kan ní gbàgede, ojú gbogbo wọn sì jọra. Àwọn tí ogun bá nílé ni mò ń wá: ìyàwó tó ń sá kúrò lórí ilẹ̀ baba ọkọ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ tó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe gba odi ọ̀tá lẹ́nu ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun dé, obìnrin tí ebi lé dé iwájú ìjọba tí kò fẹ́ rí sójú.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni Rogers kọ́kọ́ ṣe. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ fún ilé ìhunṣọ Amoskeag ní Manchester, New Hampshire; lẹ́yìn náà ó lọ síbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Hannibal, Missouri. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú dé ní 1857, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọkọ̀ òkun lọ sí Paris àti Rome kó lè kọ́ iṣẹ́ ère dójú àmì, ṣùgbọ́n òkúta mábù àti àwọn òrìṣà Gíríìkì tí kò wọṣọ, tí wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀, kò bá a lára mu. Ó padà sílé. Lójú tèmi, iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn ló là á lójú. Agbẹ́gilére a máa fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ òun jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láyé. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ mọ̀ pé ohun tí a bá ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀kan, a lè ṣe ẹgbẹ̀rún rẹ̀.

Amọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fi mọ ère. Láti ara ti amọ̀ ni yóò ti gba ẹ̀dà, títí tí yóò fi rọ ọ̀kan ní idẹ, èyí tí yóò jẹ́ ìyá fún gbogbo ìyókù. Ara ìyá onídẹ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń yọ mọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Mọ́ọ̀dù líle kò lè wọ abẹ́ apá tàbí ààrin ìka ọwọ́ kó tún jáde láìfọ́ nǹkan, nítorí náà wọ́n ń lo irú gọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń sè látara awọ àti egungun ẹran. Bó bá dì tán, rírọ̀ ló máa ń rọ̀ bíi rọ́bà. Wọ́n á da POP olómi sínú rẹ̀, yóò gbẹ, wọ́n á ká mọ́ọ̀dù kúrò lára rẹ̀, gbogbo àgbékọ́ ọwọ́, gbogbo ìṣẹ́po aṣọ, gbogbo ìlà ojú yóò sì yọ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá fi ọ̀dà kùn ún, àwọ̀ tó wà láàárín eérú àti ilẹ̀ gbígbẹ, kí funfun POP má bàa máa ta sí ènìyàn lójú.

Nǹkan bí 80,000 ère ló tà báyìí kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń ya fọ́tò wọn sínú ìwé pẹlẹbẹ, ẹni tó bá wà ní ìpínlẹ̀ jíjìn á kọ̀wé, á fi owó ránṣẹ́, ère á sì bá a nílé nínú àpótí onígi. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju dọ́là 15 lọ. Owó kékeré kọ́ nìyẹn o: dọ́là 13 lóṣù ni ṣójà tí kò ní ipò ń gbà níbẹ̀rẹ̀ ogun; ṣójà aláwọ̀ dúdú ń gba 10, wọ́n sì tún ń yọ 3 níbẹ̀ fún aṣọ, títí di 1864. Nítorí náà, ère àwọn èèyàn kéékèèké ni Rogers ń ṣe, àmọ́ pálọ̀ àwọn tó rí já jẹ ni ère náà ń wọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ọkùnrin kan. Ère tó gbé orúkọ Rogers jáde ní New York ni “The Slave Auction”, ní 1859, ọdún méjì kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó kan dúró lẹ́yìn pẹpẹ, ó ń lu èèyàn ní gbàǹjo. Lára pẹpẹ náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹṣin, màlúù, ẹrú àti ẹran ọ̀sìn mìíràn wà fún títà lónìí. Lápá kan, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ká ọwọ́ gbera, ojú rẹ̀ le koko. Lápá kejì ni ìyàwó rẹ̀ wà, ó gbé ọmọ jòjòló mọ́yà, ọmọ kékeré kan sì sá pamọ́ sí ìdí aṣọ rẹ̀. Àwọn onísọ́ọ̀bù New York ò gbà kí wọ́n kó o síwájú ìta wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn oníbàárà láti Gúúsù á bínú. Kí ni Rogers ṣe? Ó háyà ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan pé kó máa gbé e kiri ìgboro, kó máa tà á.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn títí. Ó gbé ère ènìyàn bí i tirẹ̀, ènìyàn tí wọ́n ń tà, ó ń ké ọjà rẹ̀ lójú pópó, ó ń sọ iye tó jẹ́, àwọn kan ń dúró, wọ́n ń ná an. Kò sí ère tí Rogers ṣe tó lágbára tó ìrìn ọkùnrin yẹn ní ìgboro, Rogers fúnra rẹ̀ ò sì mọ ìyẹn rárá. Mi ò ní ère náà. Kò wọ́pọ̀, owó tí wọ́n sì ń pè é nígbà tó bá jáde, owó ilé ni.

Èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ nínú àwọn tí mo ní ni “Taking the Oath and Drawing Rations”, tó jáde nígbà tí ogun parí. Bí ẹ bá wá sílé mi, òun ni màá kọ́kọ́ fi hàn yín, ti aránbàtà á wá tẹ̀lé e. Obìnrin kan láti Gúúsù ló dúró láàárín. Aṣọ rẹ̀ ṣì jẹ́ aṣọ ọlọ́lá, ó bò ó dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ebi ti dé ilé rẹ̀. Ìjọba Àríwá tó ṣẹ́gun ń pín oúnjẹ, wọ́n sì ti ní ẹni tó bá fẹ́ gbà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ búra pé òun ò ní dìde sí wọn mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì. Ọ̀gá ṣójà tó di Bíbélì mú ti ṣí fìlà lórí fún un, bí ẹni ń kí ìyá olóyè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo ojú rẹ̀: kò wo Bíbélì, kò wo ọ̀gá ṣójà. Ọwọ́ nìkan ló ń búra.

Ẹnì kẹrin wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan fara ti àgbá, agbọ̀n wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń dúró kí wọ́n bu oúnjẹ sínú agbọ̀n, kó rù ú lọ sílé fún ìyá yẹn. Òun ló ń wo gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìgbójú kúrò. Òmìnira ti dé, wọ́n ti kéde rẹ̀ sí i létí, síbẹ̀ agbọ̀n ẹlòmíì ló ṣì gbé dání. Wọn ò ní kó búra, nítorí kò sí ẹni tó béèrè ibi tí ọkàn rẹ̀ wà. Àwọn tó ra ère yìí lọ́dún náà lọ́hùn-ún, mo rò pé ìyá náà ni wọ́n ń wò, wọ́n ń káàánú rẹ̀, wọ́n sì ń yin ọ̀gá ṣójà tó mọ̀wàáhù. Ọmọdé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá lèmi ń wò.

Ó sì ní ohun kan tó so ère yìí mọ́ ọ̀dọ̀ tiwa, tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbàkigbà tí mo bá rántí. Martin Delany, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí lómìnira ní Virginia ní 1812, wá sí Abẹ́òkúta ní 1859 pẹ̀lú Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wá, kí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ lè wá dá oko òwú síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Aláké Òkukẹ́nù àti àwọn olóyè Ẹ̀gbá. Àdéhùn náà ò so èso. Campbell padà wá fi Èkó ṣe ilé, ó sì dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1863. Delany ní tirẹ̀ bá ogun lọ: ní 1865, wọ́n fi í ṣe Méjọ̀ nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, wọ́n sì rán an lọ sí Charleston ní South Carolina. Lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ yẹn, ilé iṣẹ́ tó ń pín oúnjẹ fún dúdú àti funfun tí ebi ń pa. Ọkùnrin tó ti jókòó síwájú Aláké nìyẹn, tó wọ aṣọ Méjọ̀, tí ìyá ọlọ́lá bí èyí orí ṣẹ́lífù mi lè bá pàdé nídìí àgbá oúnjẹ. Rogers ò ṣe ère ìyẹn. Ká ní ó ṣe é ni, mi ò mọ ẹni tí ì bá rà á nínú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní mò ń bọ̀ wá sórí rẹ̀ nìyí. Ní oṣù Keje 1863, ní New York tí Rogers ń gbé, àwọn tí inú ń bí sí òfin tó ń fi tipá kó ọkùnrin lọ sójú ogun dà sígboro, wọ́n sì kọjú ìjà sí aláwọ̀ dúdú. Wọ́n so àwọn kan kọ́ títí wọ́n fi kú. Wọ́n dáná sun ilé tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí kò ní òbí ní Fifth Avenue. Orí ló kó àwọn ọmọ náà yọ. Ogun ti bá ará ilé nìyẹn, ó bá wọn lójú ọ̀nà tí Rogers fúnra rẹ̀ ń rìn. Ọdún yẹn kan náà ló ṣe ère aránbàtà àti lẹ́tà. Mi ò bá a jà sí i. Ẹni tó ń ta ọjà fún pálọ̀ mọ ohun tí pálọ̀ lè gbà. Àmọ́ nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ pé ère Rogers ni àwòrán bí ogun ṣe rí nílé, èmi a máa fi kún un pé ilé àwọn kan ni.

Pásítọ̀ wa ní tirẹ̀ kò bìkítà nípa ilé ta ni. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kí wa, ó wọlé, ó rí ère ní igun yìí, ère ní igun yẹn, ó jókòó sí etí àga. Àdúrà ọjọ́ yẹn gùn. Ó ń gba ilé, ó ń gba ọmọ, ó ń dè, ó ń tú. Ìyàwó mi ló wá fi í lọ́kàn balẹ̀: “Ẹ má ṣèyọnu, sà. POP ni.” Nígbà tó tún wá, ìdí aránbàtà ló kọ́kọ́ lọ, ó sì béèrè bóyá wọ́n ti fún ọmọ yẹn ní lẹ́tà rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń lu ẹrù olóògbé ní gbàǹjo ni mo ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú ère wọ̀nyí, nítorí àwọn ọmọ olóògbé kì í fẹ́ wọn. Wọ́n wúwo, wọ́n ń gbé eruku, wọn ò bá àga ìgbàlódé lọ. Owó wọn ti wálẹ̀ gan-an sí bó ṣe rí láyé àtijọ́. Èyí tó bá wọ́pọ̀ nínú wọn, ẹ lè rí i ra ní ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan. Kí n tó wo ojú ère, ìdí rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní láti ní orúkọ Rogers àti New York lára, nígbà mìíràn ẹ ó tún rí ọjọ́ tí ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe irú rẹ̀. Àwọn mìíràn náà ta ère POP nígbà yẹn, tiwọn kò burú, ṣùgbọ́n ojú ló máa ń tú wọn fó: ojú àwọn èèyàn Rogers máa ń wo ibì kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń wá ohun tó ti dá. Ẹnu ìbọn ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ìka ọwọ́ á tẹ̀ lé e, imú ló máa ń gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ lára ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, irin tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ló ń dógùn-ún, á máa wú, á sì la POP náà láti inú. Ọ̀dà náà ni ìṣòro tó tóbi jù. Láàárín ọdún tó ti ju 150 lọ yìí, ẹnì kan á ti pinnu pé àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ yẹn dọ̀tí, á sì ti kùn ún ní funfun, tàbí kó fi àwọ̀ góòlù sí i bí ẹni fẹ́ gbé e lọ síbi ayẹyẹ.

Báyìí ni mo ṣe rí “Union Refugees” tèmi, ère 1863. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà ilé funfun kùn ún láti òkè dé ilẹ̀. Tọkọtaya kan ni, àwọn ará Gúúsù tí kò fara mọ́ ìyapa, tí àwọn aládùúgbò wọn sì lé jáde. Ọkọ gbé ìbọn. Ìyàwó gbé orí lé èjìká ọkọ, ó ti rẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n rí kó kò ju ẹrù kékeré kan lọ. Ọmọ wọn ti já òdòdó lójú ọ̀nà, ó ń nà á sí ìyá rẹ̀. Ọ̀dà funfun ti dí gbogbo ojú òdòdó náà pátá, ìdìpọ̀ kan ṣá ni ọmọ náà ń nà sókè. Mo gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́, ó fi sùúrù bó ọ̀dà náà kúrò díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ àtijọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ewé òdòdó yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mi ò lè wo ère yìí kí n má rántí Ìjàyè. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ní oṣù Kẹta 1862, ni Ìjàyè tú, tí àwọn tó ṣẹ́kù níbẹ̀ sá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta. Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi tó kó lára àwọn ọmọ Ìjàyè tí ebi ń pa kù, tí wọ́n sì ń tọ́ wọn ní Abẹ́òkúta, láti àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù kan náà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Ogun ti dí ọ̀nà òkun ní ilé tiwọn náà, owó láti ìjọ wọn ò lè wọlé mọ́. Ohun tí ọwọ́ wọn bá bà ní Abẹ́òkúta ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Ogun méjì tó wà ní ìkọjá òkun síra wọn kó sára àwọn ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀kan. Kò sí POP fún ti Ìjàyè. Oríkì ló wà, àti ìtàn tí àwọn ìyá wa àgbà ń sọ, tí a kì í jókòó gbọ́ tán.

Èyí tí mò ń wá báyìí ni “The Home Guard”, ti 1865: àwọn obìnrin tí wọ́n dá wà nílé nítòsí ààlà Àríwá àti Gúúsù, tí ariwo òru jí wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé ìbọn ìléwọ́. Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Ẹnì kan ní Ohio kọ̀wé sí mi pé òun ní ọ̀kan, owó rẹ̀ ò ga. Mo ní kó ya fọ́tò rẹ̀ wá. Ó ní kí n fún òun láyè díẹ̀, eruku ti pọ̀ jù lára rẹ̀, òun fẹ́ kọ́kọ́ tún un ṣe. Nígbà tí fọ́tò dé, ó sọ fún mi tayọ̀tayọ̀ pé inú báàfù lòun ti fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Ìbọn wà níbẹ̀. Ojú àwọn obìnrin náà ti yọ́ lọ.

Mo ṣì ń wá òmíràn. Bí ẹ bá rí i ní ilé ẹnikẹ́ni láàárín Connecticut sí Pennsylvania, ẹ rọra yí ìdí rẹ̀ wò bóyá orúkọ wà níbẹ̀, ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ẹ sì sọ fún onílé kó má fi omi kàn án rárá.